Imú Silas

Gbogbo ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ní Trikania, ní ìlú Kaduna, ló mọ imú Silas. Ọmọ Kàbbà ni, àmọ́ odò Kaduna ló ti lókìkí. Bí èéfín bá ń jò níbikíbi nínú ọkọ̀ tó ń fa yanrìn lódò, á tẹrí ba, á fa atẹ́gùn símú lẹ́ẹ̀mejì, á sì nàka sí ibi tó ti ń jò.

Lọ́dún tí kòrónà jà, ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ara yá, imú kú. Matilda ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń sọ fún un bí ọbẹ̀ bá jóná. Ojú ń ti Silas. Imú tó ń bọ́ ọ, báwo ni yóò ṣe sọ pé ó ti kú?

Ní oṣù Keje ọdún tó tẹ̀ lé e, Ephraim tó ń wa ẹ̀rọ ọkọ̀ yanrìn kan ránṣẹ́ pè é. Ó ní èéfín ń rùn nínú yàrá kékeré tí òun ń jókòó sí, orí sì ń fọ́ òun. Silas fa atẹ́gùn símú lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣe rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti fi àpò ìdọ̀họ di sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde, kó má baà jó wọn lẹ́sẹ̀, ojú ò sì lè rí ohunkóhun. Ì bá tú àpò náà, kó fi ìfófó ọṣẹ kan oríkèé irin, torí bó bá ń jò, ọṣẹ á wú. Ṣùgbọ́n Silas tí wọ́n mọ̀ kì í lo ọṣẹ. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń dá èéfín padà, kí Ephraim máa ti fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ephraim ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò dá, wọ́n pè é wá jẹun, kò dáhùn. Orí ìjókòó ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀.

“Ƙaddara ce,” làwọn òṣìṣẹ́ ń wí, pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Silas padà sínú ọkọ̀ náà. Ó tú àpò, ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó sì da ìfófó ọṣẹ sí oríkèé náà kó tó gbóná. Ọṣẹ ń wú, ó ń bẹ́.

Ó lọ bá Lois, aya olóògbé. Lois kúnlẹ̀ kí i, ó dúpẹ́ pé ó wá nígbà tí ọkọ òun pè é.

“Má dúpẹ́, Màmá Queen. Imú mi ti kú láti ọdún kòrónà. Mi ò gbọ́ òórùn kankan lọ́jọ́ náà, mi ò sì sọ fún un.”

Lois dìde lórí ìkúnlẹ̀.

“Ó sọ fún un yín pé orí ń fọ́ òun. Ṣé etí yín náà ti kú ni?”