Alàájì Sàkàrìyáù, ẹni tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ èyí, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dàgbà láìgbọ́ bí olóògbé Alàájì Sàkàrìyáù ṣe pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Bouaké, nílẹ̀ Ivory Coast. Kò fọwọ́ kàn án o. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Koko ló jókòó sí, láàárín ṣéènì àti táyà alùpùpù tí wọ́n ń pè ní mọ́bílẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ fóònù.

Ohun tó kọ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Àmọ̀sù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Alàájì sì ní òfin kan tí kì í rú: orúkọ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú àkọlé. Ó kọ ọ́ pé, "Àmọ̀sù ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ọgọ́rin ọdún." Àmì ohùn pé, àṣìṣe kankan ò sí. Ṣùgbọ́n ó ti so búlọ́ọ̀gì náà mọ́ gúrúùpù mẹ́rin, pé ohunkóhun tó bá kọ, kó máa fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ kò mọ àmì ohùn, kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tó dé ojú fóònù gbogbo ayé ni: "Amosu ku..."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilé Àmọ̀sù ní àdúgbò Ahougnansou ti kún. Sèlíátù, àbúrò rẹ̀ tó ń ta ẹja ní Béoumi, ti sunkún láti inú táksí dé ẹnu ọ̀nà. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, níwájú abọ́ àtíékè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti kú."

"Wọn ò tíì sọ fún èmi."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin tó fẹ́ wọn gígùn òkú fún sàréè wọlé. Ó bá òkú tó ń béèrè ata sí i.

Bí ẹ bá mọ Alàájì ni, kò ní yà yín lẹ́nu. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago níbí: ta ló kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ta ló kọ́kọ́ ta kí ni, ta ló fẹ́ ọmọ ta. Muhsinah ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣí búlọ́ọ̀gì náà, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí wọ́n kọ "partage automatique" sí, ìyẹn pípín láìfọwọ́ kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí. Ó jáde síta, ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ti gba akọ̀wé mẹ́rin, ìkankan nínú wọn kì í jẹun.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ dán àwọn akọ̀wé náà wò, ó kọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, pé iyọ̀ inú ọbẹ̀ Sìlífátù ìyàwó òun lánàá tó iyọ̀ òkun. Ó rí i pé ó ti lọ. Ó yára pa á rẹ́ lórí búlọ́ọ̀gì, ó mí kanlẹ̀. Kò mọ̀ pé èyí tó pa rẹ́ nílé kò pa rẹ́ lóde. Sìlífátù kò bá a jà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ rárá fún un, Alàájì ń jẹ ẹ́, ó ń dúpẹ́.

Ti Franck tún wà ńbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tó ń tún mọ́bílẹ́ẹ̀tì ṣe. Gúrúùpù àwọn oníbàárà wà lára mẹ́rin yẹn, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì máa ń sọ Yorùbá di Faransé. Àràárọ̀ ni Alàájì ń kọ "Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́." Franck wá béèrè ohun tí àwọn oníbàárà fi ṣe é, tó fi ń pàṣẹ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n kú sọ́jà, kí wọ́n kú sẹ́nu iṣẹ́. Alàájì ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí a bá ṣe fẹ́ràn ènìyàn tó ni a ṣe ń kí i ní "kú" tó. Láti ọjọ́ yẹn, bí Franck bá ti wọlé, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Alàájì, kú."

Ṣùgbọ́n Àmọ̀sù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ogójì ọdún tí òun àti Alàájì ti jọ ń mu tíì lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n rán ẹni sí i, ó ní, "Ibi tó ti pa mí, ibẹ̀ ni kó ti jí mi."

Alàájì kọ́kọ́ ṣagídí, ó ní ẹ̀rọ ló pa á, kì í ṣe òun. Ẹ̀rù ẹ̀rọ náà bà á ṣá, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó kọ ẹ̀bẹ̀. Ibi tó bàjẹ́ sí rèé: bó ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, okùn tó so ó mọ́ gúrúùpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti já, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Ikú lọ káàkiri. Ẹ̀bẹ̀ kò kúrò nílé.

Alàájì rò pé Àmọ̀sù ti kà á, orí kunkun ló ń ṣe é. Àmọ̀sù rò pé Alàájì kò bẹ òun rí. Oṣù mọ́kànlá. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú Alàájì lọ nígbà òjò, Àmọ̀sù sì dúró lẹ́yìn gbogbo èrò níbi ìsìnkú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Muhsinah ń wá àwòrán bàbá àgbà rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀gì ló bá kan ẹ̀bẹ̀ náà. Ó lọ kà á sí Àmọ̀sù létí: "Àmọ̀sù ọ̀rẹ́ mi wà láàyè. Èmi ni mo ṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ilé yìí ò dùn láìsí i. Kó máa bọ̀."

Bàbá náà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Dá a lóhùn. Kọ ọ́ pé mo ti rí i, mo ń bọ̀."

Ọwọ́ Muhsinah dúró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún òkú pé ẹ ń bọ̀."

Àmọ̀sù rò ó wò. "Òótọ́ ni. Kọ ọ́ pé mo ti rí i, ṣùgbọ́n kó má kánjú retí mi."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni èsì tó wà lábẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà dòní. Wọn ò tíì tún okùn yẹn so, nítorí náà ẹ má retí pé yóò wá bá yín lójú fóònù. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn dé búlọ́ọ̀gì Alàájì, kí ẹ lọ fojú ara yín rí i.