Orúnkún Ìyá Mi Nínú Odò

Ní ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa, tí ìrẹsì Kùtọnu kò wọlé mọ́, gbogbo wa ní Ayétòrò di àgbẹ̀ onírẹsì. A gé ògùrọ̀ àti eèsún etí odò kúrò, a sọ ibẹ̀ di àkùrọ̀, olúkúlùkù sì ra pọ́ǹpù tí ń fa omi sóko. Mo dúpẹ́ lórí pọ́ǹpù tèmi níwájú ìjọ.

Ọdún náà ni ìyá mi ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi, èyí tí omi ń bo gbogbo ara mọ́lẹ̀. Omi díẹ̀ ni ìjọ tí wọ́n bí wọn sí bù lé wọn lórí lọ́mọ ọwọ́.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, díákónì méjì ló kọ́kọ́ wọ odò, wọ́n ń fi ọ̀pá lu omi kí ọ̀nì lè sá. Ọ̀nì tó kẹ́yìn ti lọ kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Ẹrẹ̀ ni wọ́n lù, ó sì ta sí aṣọ funfun Pásítọ̀.

Omi kò kọjá ojúgun. Pásítọ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Orí wọlé, orúnkún yọ síta. Ó ti orúnkún, orí yọ.

"Pásítọ̀, èwo lẹ fẹ́ gbà là nínú méjèèjì?"

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín, Màmá."

"Ó ti pẹ́ tí làkúrègbé ti ní kó má nà mọ́."

Díákónì kan ní kí á bu omi lé orúnkún náà.

"Wọ́n ti bu omi lé mi rí," ni ìyá mi wí. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ìgbà náà la gbọ́ pọ́ǹpù kan lókè odò. Pásítọ̀ béèrè ẹni tó ni ín. Mo wo ọ̀run bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ti ọmọ mi ni," ni ìyá mi wí láti inú ẹrẹ̀. "Mo mọ bó ṣe ń húkọ́."

Mo sáré lọ pa á, mo sì bẹ gbogbo alákùrọ̀ yòókù, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, kí wọ́n pa tiwọn. Ìyá mi jókòó sínú odò títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n ń sọ fún àwọn akọrin pé nígbà omidan wọn, ẹja àrọ̀ a máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. "Lónìí, ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá kò kí mi."

Díẹ̀díẹ̀ lomi gun Pásítọ̀ dé itan. Ó ri ìyá mi bọmi. A ò rí orúnkún, a ò rí orí. A dúró, dúró. Ẹ̀rù ba Pásítọ̀, ó fà wọ́n sókè.

"Kí lẹ̀ ń kánjú sí? Ẹ ò jẹ́ kí n dúpẹ́ tán!"

A hó yè. Kí a tó dé orin kejì, pọ́ǹpù kan ti ń dún lókè odò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe tèmi. Tèmi ló ṣe ìkejì.