Èsì Àyẹ̀wò Ìyàwó Mi Kì Í Ṣe Ìkéde Ìjọ

Bàbá mi, tíṣà ilé-ìwé míṣọ̀n, ló máa ń bá àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ka lẹ́tà tí ọkọ wọn bá kọ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ohun tó bá kà níbẹ̀, ìyá mi pàápàá kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo lọ sí yunifásítì, mo padà wálé, mo ṣì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi lọ ṣe àyẹ̀wò ọmú ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Èsì kò tíì pé ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wa tí obìnrin kan fi pè é láti Ayépé, ìlú mìíràn pàápàá: "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ti ń gbààwẹ̀ lórí ọmú yín."

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà, ọmọ ìjọ wa, ló ya èsì náà ní fọ́tò, tó sì fi ránṣẹ́ sórí wáásáàpù ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Lóòótọ́, a máa ń ka orúkọ aláìsàn fún àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ta ló ní kí wọ́n ka fáìlì rẹ̀?

Ìyàwó mi kò jáde mọ́. "Àyà mi ni wọ́n ń wò," ló wí. "Wọn kì í wo ojú mi mọ́."

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, àdúrà ni mo ń wá fún Mọ́mì."

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ títí o fi ya fọ́tò ni?"

Dókítà tó ni ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọmọ ìyá ni gbogbo wa níbí. Ta ló ń gbé irú èyí lọ bá ìjọba ní Ìjẹ̀bú?"

"Èmi ni."

Mo tẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ sórí tábìlì rẹ̀. Mo ti fa ìlà sábẹ́ ibi tó kàn wá: ọ̀rọ̀ ìlera ẹni kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn lè pín kiri láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹni náà lè ní kí wọ́n pa á rẹ́, àjọ kan sì wà tó ń gba ẹ̀sùn. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó mi, kì í ṣe sí èmi. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn tèmi tán."

Alàgbà ìjọ wá bá mi nílé, pé kí n má ba orúkọ nọ́ọ̀sì náà, ọmọ wa, jẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fi èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ hàn mí. Kò jókòó pẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé ẹ̀bẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti pa fọ́tò náà rẹ́, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù pa á rẹ́. Òfin ò lè fọ ojú tó ti rí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó wé gèlè, ó sì lọ jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tẹ̀ sétí rẹ̀: "Mọ́mì, ọmú ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà," ìyàwó mi dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Tìẹ ńkọ́?"