Ẹ̀wù Òṣùmàrè

"Ẹ tún ti fi gírísì ba sùtánà jẹ́!"

Ohùn ìyá àgbà mi nìyẹn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá àgbà mi ti dojú kẹ̀kẹ́ wọn dé lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi fọ ṣéènì ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹja tí wọ́n ń yan lójúlé kejì. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà, torí nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwọn, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Wọ́n ká etí aṣọ sókè, wọ́n dè é mọ́ ìdí, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìjọsìn. Àwa ọmọdé Ajah á sì máa pariwo tẹ̀lé wọn: "Áńgẹ́lì oníkẹ̀kẹ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà wà níbẹ̀. Ohùn tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù.

Nígbà yẹn, iyanrìn ló pọ̀ ju èèyàn lọ ní Ajah. Ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣì ń dán, ọkọ̀ orí ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Láàárọ̀ kùtù, bàbá àgbà á gun kẹ̀kẹ́ dé Eleko, wọ́n á sì ti padà kí ẹ̀kọ tó jinná. Òógùn á máa kán lágbọ̀n wọn. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọjọ́ tí mo béèrè ohun tó kù díẹ̀, àkísà ni wọ́n fi ń nu sípóòkù. Wọ́n ò dúró, wọ́n ń nu ún, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí àwọn rárá ni àwọn akọni oníkẹ̀kẹ́ gbogbo àgbáyé ti ń péjọ sí ìlú kan lọ́dọọdún, tí wọ́n á sáré lórí títì títí oòrùn á fi yí. Òyìnbó á gba ipò kìíní, Òyìnbó mìíràn á gbà á lọ́wọ́ Òyìnbó. Ẹni tó bá borí, wọ́n á wọ ẹ̀wù funfun fún un, ọ̀já òṣùmàrè á sì la àyà ẹ̀wù náà já: búlúù, pupa, dúdú, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Òun nìkan láyé ni yóò máa wọ̀ ọ́ fún odidi ọdún kan. Bí ẹlòmíì bá tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á fi òṣùmàrè kékeré sílẹ̀ fún un létí apá aṣọ.

"Tó bá wá wu ẹlòmíì láti wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ lọ jí adé ọba. "Ta lẹni náà borí?"

Àwọn náà lọ rí, nígbà ọ̀dọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè wa ló rán wọn lọ sí ìlú òtútù kan. Ọ̀nà eré náà ń yípo, ó sì ń gun òkè. Tí àwọn iwájú bá ti fẹ́ yípo bá ẹ láti ẹ̀yìn, wọ́n á ní kó o bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kan ló ń kó àwọn tó gbẹ̀yìn, ìgbálẹ̀ sì ni wọ́n so mọ́ ọn.

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀?"

"Ìgbálẹ̀ gan-an. Wọ́n gbá bàbá àgbà ẹ kúrò lójú títì."

Ìyá àgbà pòṣé láti inú ilé. "Ẹ yé sọ ọ́ fọ́mọdé! Ìgbálẹ̀ ò yẹ ara ọkùnrin."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí wọ́n padà dé ni wòlíì obìnrin ìjọ wọn ríran sí wọn: ó rí wọn nínú aṣọ funfun, òṣùmàrè ń tàn láyà wọn. Ta ni yóò tún túmọ̀ ìyẹn fún ẹni tó ti fi ojú ara ẹ̀ rí ẹ̀wù náà lọ́rùn ẹlòmíì? Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Eleko, tí wọ́n ń retí kí ìjọba tún pè wọ́n. Irun wọn funfun, orúnkún wọn ń ké. Ó kù díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ wọn kan rọ tí wọn ò lè dìde mọ́, ìyá àgbà ra ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ márùn-ún lọ́jà Ajah. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rán an mọ́ àyà sùtánà tuntun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Olówó orí mi, ẹ wò ó. Ìran ti ṣẹ."

Bàbá àgbà wò ó pẹ́. Mo rò pé inú wọn á dùn. Omi kan yọ lójú wọn, ó gba etí wọn lọ.

"Ta ni mo borí?" Ohùn wọn ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ tú u."

Èmi ni wọ́n fún ní bíléèdì. Mo ń gé òwú, ìyá àgbà ń wo ògiri. Nígbà tí mo tú u tán, ríbọ́ọ̀nù ti lọ, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ ṣì tò láti apá kan àyà dé èkejì. Aṣọ yẹn la fi sin wọ́n.

Níbi ìsìnkú, ìyá àgbà di wòlíì náà lápá mú. "Màmá, ìran yẹn ńkọ́?"

"Aṣọ ọ̀run ni mo rí," wòlíì ní. "Mi ò rí kẹ̀kẹ́ kankan. Mo ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀, wọ́n lọ ra táyà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Ìyá àgbà kàn jókòó sórí iyanrìn.

Láìpẹ́ yìí, eré kẹ̀kẹ́ náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Rùwáńdà. Mo wò ó lórí fóònù ní ọ́fíìsì mi ní Lẹ́kkí Phase 1. Òkè le, àwọn èèyàn ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ló tún gbà á. Ojú mi ò tiẹ̀ sí lára ẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mò ń wá lẹ́yìn ọkọ̀.

Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ ti bàbá àgbà kọjá níwájú géètì ẹ́sítéètì VGC lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á lọ̀ ọ́ bí ata. Mi ò gbààwẹ̀, mi ò ra táyà, mi ò sì retí ìran kankan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń yìn mí níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi á lọ sí àyà mi, á máa wá ojú abẹ́rẹ́ yẹn kiri. Mo sì máa ń bá a níbẹ̀. Ta ni mo borí?