Mọ́tò Tí Wọ́n Ń Kà Bí Ìwé

Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni Ọláwuyì fi wa mọ́tò fún Màmá Adéjàre ní Ìkìrun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ̀wé, àfi Jemima ìyàwó rẹ̀, tí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi mí bó ṣe rí i ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ á wá ọ̀nà. Ó mọ nọ́ńbà dáadáa, torí náà owó kò lè rú u lójú, aago kò sì lè rú u lójú. Àwọn àmì ẹ̀gbẹ́ títì, àwòrán ara wọn ló fi dá wọn mọ̀. Ọkùnrin kan ní gáréèjì Ìbà, ìlú tí wọ́n ti bí i, ló bá a kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé lé e lọ́wọ́ lójijì, á fọwọ́ pa àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé awò mi sílé." Ọláwuyì kò ní awò. Kò ní in rí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni ẹni tó ń wa mọ́tò fún. Tíṣà ni Màmá Adéjàre. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ipò ọ̀gá àgbà ló sì ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tí irun wọn ti funfun, á máa dọ̀bálẹ̀ fún un, torí pé òun ló di ìka wọn mú tí wọ́n fi kọ A. Ẹni tó lè yọ Ọláwuyì nínú ìtìjú yìí ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú mọ́tò lójoojúmọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ojú tì í láti sọ. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, ó rí i pé ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tiẹ̀ rò ó mọ́.

Ojú Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ó lọ pátápátá. Ti òsì ń ríran díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ìta láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Dókítà ojú kan wà tó máa ń ti Ìlọrin wá sí Òkukù, Ọjọ́bọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, aago méjìlá ọ̀sán ló sì máa ń padà. Ó ti sọ fún Màmá pé òun lè fi iṣẹ́ abẹ dá ìwọ̀nba tó kù sí ojú òsì náà dúró, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù yẹn.

Bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí dókítà sọ èyí ni Jíbọ́lá, àkọ́bí Màmá tó jẹ́ ẹnjiníà l'Ékòó, gbé mọ́tò oníná wá. Ó ta Pijó àtijọ́ tí Ọláwuyì ń wà. Epo ti gbówó lórí, ó ní, sólà sì wà lórí òrùlé Màmá, kí wọ́n máa fi òòrùn Ìkìrun rìn. Ó fi Sátidé kan ṣoṣo kọ́ Ọláwuyì.

"Bọ̀dá Ọláwuyì, ẹ máa gbádùn ẹ̀," ó ní. "Everything wà lórí screen. Ohun tó bá ti kọ síbẹ̀, ẹ ṣáà kà á, kẹ́ ẹ ṣe bó ṣe wí. Kò lè ṣì yín lọ́nà láé."

"Ó dáa, sà," ni Ọláwuyì wí.

Mọ́tò náà kò ní kọ́kọ́rọ́, káàdì pẹlẹbẹ kan bíi ti báńkì ni wọ́n fi ń ṣí i, bíréèkì ni wọ́n sì ń tẹ̀ kó tó jí. Kò ní jíà, igi kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitíárìn: ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó lọ síwájú, ẹ tì í sókè, ó padà sẹ́yìn. Bọ́tìnnì kò sí. Ohun gbogbo, láti orí afẹ́fẹ́ tútù títí dé dígí ẹ̀gbẹ́ àti ìdérí ibi tí wọ́n ń ki wáyà ṣáájì bọ̀, inú gíláàsì dúdú kan tó fẹ̀ bí àtẹ ni wọ́n wà. Èyí tó sì dùn ún jù ni pé mọ́tò náà kò pariwo. Etí ni Ọláwuyì fi ń wa mọ́tò. Bí nǹkan bá ń ṣe Pijó, á gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ti èyí, ohun tó bá ń ṣe é, á kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọláwuyì kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣa ìdérí ìgò jọ nílé, ó tò wọ́n sórí àtẹ ìyàwó rẹ̀ bí nǹkan ṣe tò sórí gíláàsì náà, ó sì ń fọwọ́ kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta láti ọwọ́ òsì, afẹ́fẹ́ tútù. Ìkejì láti òkè, dígí. Èyí tó dá dúró ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ìdérí ṣáájì. Jemima ní ṣé ayò ló ń ta ni. Bí àpótí ọ̀rọ̀ kan bá yọ tó ní ojú ìtẹ̀ méjì, tọwọ́ òsì ni kó tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kúrò nílẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ gíláàsì náà bó ṣe mọ ẹnu. Ó mọ̀ pé tóun bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó sáré, mọ́tò náà á dẹwọ́ fúnra rẹ̀ kóun tó fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Màmá ní òun kò mọ ìgbà tí wọ́n ń gbéra mọ́, kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dúró, ó ní dírẹ́bà òun gbọ́n. Ọláwuyì rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun tún ti mú un jẹ.

Ọ̀sán Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ dókítà ni Jíbọ́lá pè láti Èkó. Ó ní òun ti fi fóònù ṣe update sí mọ́tò náà láti ibi tóun wà, wọ́n ti tún inú rẹ̀ tò, ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọláwuyì jókòó, ó wo gíláàsì. Kò sí nǹkan kan níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìkẹta láti ọwọ́ òsì ti lọ. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ti gòkè. Ó tẹ ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbé, rédíò ló bú jáde. Màmá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní ṣé ijó ni kí wọ́n jó lọ sọ́dọ̀ dókítà ni. Igi ẹ̀gbẹ́ sitíárìn kò ṣáà yí padà, torí náà ó wà á lọ bẹ́ẹ̀, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Inísà, Màmá ní òun fẹ́ ṣe gáà nílé àwọn ìbátan òun létí títì. Ọláwuyì páàkì sábẹ́ igi, ó mú un wọlé, ó mú un jáde. Bó ṣe tẹ bíréèkì pé kí wọ́n máa lọ, àpótí ọ̀rọ̀ kan yọ, ojú ìtẹ̀ méjì. Ó tẹ tọwọ́ òsì.

Tọwọ́ òsì kì í ṣe ohun tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́; èyí ní kí mọ́tò parí àtúntò tó kù. Gíláàsì náà ṣú, ọ̀rọ̀ mìíràn jáde sí i, ìlà tín-ín-rín kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Ó tẹ igi sísàlẹ̀. Mọ́tò kò mira.

"Kí ló dé?" Màmá bèèrè.

"Ó ń tún ara ẹ̀ ṣe ni, mà."

"Kí ló kọ?"

Ẹ gbọ́, ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni. Òkukù kò jìnnà sí Inísà. Takisí ń kọjá lójú wọn, wọ́n ń pe Òkukù, àyè sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Ọláwuyì wo ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ nínú ọkàn, bó ṣe rí lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó rí ọdún mọ́kànlélógún, ó rí iṣẹ́ tó máa bọ́, ó sì ní:

"Ó ní ká dúró díẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dúró. Kò pe Jíbọ́lá, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Jíbọ́lá máa bi í ni pé kí ló kọ. Kò pe ẹni tó ń kọjá, torí Màmá máa gbọ́. Ó ń wo ìlà tín-ín-rín yẹn, ó ń gbàdúrà sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé. Aago mẹ́wàá lọ. Aago mọ́kànlá lọ. Takisí ń kọjá.

"Ọláwuyì, díẹ̀ yìí mà pọ̀ o," ni Màmá wí nígbà tó ṣe. "Tún un kà fún mi, bó ṣe kọ ọ́ gan-an."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà fúnra rẹ̀. "Mo gbàgbé awò mi sílé, mà."

Màmá sún síwájú lórí ìjókòó.

"Awò wo?" ó ní. "Nígbà tí ojú mi méjèèjì ń ríran, mi ò rí awò lójú ẹ rí, ọjọ́ kan báyìí. Mo ti máa ń rò ó."

Ọláwuyì gbé orí lé sitíárìn. "Mi ò mọ̀wé, mà," ó ní. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri pẹ́, nígbà tó sì jáde, kò fúyẹ́ rárá.

Mo rò pé màmá míì á ti pariwo. Èyí na ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú láàárín ìjókòó méjèèjì, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. "Yà á sí mi lọ́wọ́," ó ní. "Bó o ṣe rí i ni kó o yà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ọláwuyì fi ìka yà á. Igi kan, ikùn kan lára rẹ̀. "D," ni Màmá wí. Òbìrí kan. "O." Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà tó ní ojú tí kò mọ̀wé, tíṣà tó mọ̀wé tí kò lójú, títí Màmá fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. "Do not drive," ó ní. "Ó ní a ò gbọdọ̀ wà á, Ọláwuyì. Kò sọ pé ká dúró díẹ̀."

Ó sáré bọ́ sí títì, ó dá takisí dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Màmá sínú rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjìlá nígbà tí wọ́n dé Òkukù. Nọ́ọ̀sì tó ń ti ilẹ̀kùn ní dókítà ti lọ, ó ní wọ́n dúró dè wọ́n títí, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n wọ takisí padà sí Inísà. Mọ́tò náà ti jí, ó ń tàn wò wọ́n bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wọnú rẹ̀, Màmá sọ̀rọ̀. "Oṣù mẹ́ta ni ǹ bá fi kọ́ ẹ," ó ní. "Oṣù mẹ́ta péré, nígbà tójú mi ṣì ń ríran." Ọláwuyì sunkún ní gbangba, ó ń wa mọ́tò lọ. Màmá kò rí i.

Ojú òsì náà kú kí oṣù tó pé. Dókítà tún wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tóun lè ṣe mọ́. Jíbọ́lá bèèrè ohun tó fà á tí wọn kò fi bá dókítà lọ́jọ́sí. "Mọ́tò yẹn ló dákú," ni Màmá wí, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ọláwuyì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ì bá wù ú kó bú òun.

Láti ìgbà yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá á pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì fi ìka kọ lẹ́tà kan sí i títí á fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Ọláwuyì, orí rẹ̀ kò sì yá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni A gbà. B gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí D ni wọ́n wà nígbà tí Jíbọ́lá dé, ó ní ìyá òun kò lè máa dá gbé nínú òkùnkùn, Èkó ló ń lọ. Mọ́tò náà ń bá a lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Ọláwuyì gan-an, ó ní kò sí iṣẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Màmá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò, ó ń wá a. Ọláwuyì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún un. Màmá kọ lẹ́tà méje sí i, ó rọra kọ ọ́, ó sì fi orí ìka sàmì kékeré kan sábẹ́ ìkínní. Ó fẹ́ pè wọ́n fún un, ṣùgbọ́n Jíbọ́lá ti fọwọ́ kan gíláàsì, fèrèsé ti ń gòkè. Mọ́tò náà lọ láìpariwo. Orúkọ rẹ̀ ni ìyá yẹn kọ sí i lọ́wọ́, Ọláwuyì kò sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó délé, ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó da ìdérí ìgò jáde, ó fẹ́ fi to àwọn lẹ́tà náà kó má bàa gbàgbé. Ó tò ó títí. Jemima wá wò ó, ó bi í pé kí lèyí.

"A ni," ó ní.

Ìyókù ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.