Ẹṣin Tó Gbé Nọ́ọ̀sì Kọjá Odò

Bàbá aládùúgbò wa ń tú gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin rẹ̀ nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí omi òjò ń kán lára mi. Abo ẹṣin pupa ni, irun ọrùn rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, kò fẹ́ fi tẹ ilẹ̀. Òórùn koríko tútù àti ti òrí tí bàbá fi pa ẹsẹ̀ náà gba gbogbo abẹ́ páànù.

"Bàbá, ìyá mi ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìyá àgbà ní kí n wá pè yín."

Ó wo ẹṣin, ó wò mí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Abà kan lẹ́yìn ìlú Odò-Ọwá là ń gbé, ilé bàbá yìí ló sì tẹ̀ lé tiwa. Ìlọrin ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú ẹṣin àwọn ìjòyè. Nígbà tó darúgbó, ẹṣin kan ṣoṣo yìí ló fà wálé. Haúsá ló máa ń bá a sọ, ó ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn.

Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbá tán, a ó gbọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀ tó ń ha yangí. Á dì í sínú àpò méjì, á gbé e kọ́ ẹṣin lẹ́yìn, á lọ fi dí kòtò ojú ọ̀nà wa. Òjò á tún gbá a lọ. Á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé, òun ló ń lọ gbé àpótí abẹ́rẹ́ wá láti ìlú. Kò sẹ́ni tó rán an.

Bàbá mi a máa sọ fún un pé, "Ẹ sinmi, iṣẹ́ ìjọba ni."

Á ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ ìjọba kì í gba ibí kọjá."

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Odò tó wà láàárín wa àti ìlú ti bo afárá mọ́lẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ti ṣẹ́rí padà, bàbá mi kò sí nílé, nọ́ọ̀sì sì wà ní òdìkejì.

"Ẹsẹ̀ yìí ti ń dùn ún láti àná," bàbá sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó gbé gàárì, tó dà á padà sẹ́yìn ẹṣin.

Mo tẹ̀ lé wọn dé etí odò. Bàbá kò gun ẹṣin, òun ló kọ́kọ́ wọ inú omi, ó di ìjánu mú, ó ń fi Haúsá sọ fún un pé kó rọra, "Sànnú, sànnú." Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, nọ́ọ̀sì wà lórí ẹṣin, ó dijú, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ka Sáàmù. Láàárín odò, ẹṣin fi orúnkún kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó jù mí sílẹ̀."

"Kò ju ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. Ẹ ṣáà jókòó."

Ẹṣin dìde. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti dá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin kò lè nàró mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá fi jókòó tì í, tó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ tí wọ́n rán mi gbé lọ, bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ni mo ń bá a. Lọ́jọ́ keje, ẹṣin kú. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀, ẹnì kan ní ẹran yìí ì bá ṣe é tà. Bàbá kò wo ojú rẹ̀, ó ń gbẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara ìyá mi yá, ó pọn ọmọ, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní torí tèmi ló ṣe kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ogbó ló pa á. Gbé ọmọ wá kí n rí i."

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo dúró sí. Ojú èmi àti bàbá ṣe mẹ́rin. Ó mọ̀ pé mo ti rí ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyá mi di òní.

Láti ìgbà náà, orí ara rẹ̀ ló fi ń ru yangí, nínú bàsíà. Ṣọ́bìrì á dún lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́ pẹ́, á tún dún. Òjò ọdún méjì péré ló tún rí kó tó kú.

Èmi náà ti dìyá ọmọ báyìí, ojoojúmọ́ ló sì ń rẹ̀ mí. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn mi, tí mo fẹ́ sọ pé agbára mi kò gbé e, mo máa ń bi ara mi bóyá ó ti rẹ̀ mí tó bó ṣe rẹ bàbá yẹn. Nígbà mìíràn, mo máa ń dìde. Nígbà mìíràn, mo máa ń jókòó síbẹ̀ títí ẹni náà á fi lọ, ojú á sì máa tì mí.