Ṣúgà Lẹ́yìn Orín Ata

Mò ń ta òwú sórí òfì lẹ́yìn ilé wa ní Kábbà nígbà tí ọmọbìnrin mi wá jókòó tì mí, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní òun kò lè jẹ iyán. Bí ọmọ ilẹ̀ wa bá kọ iyán, ó tó kí ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó la ẹnu. Eyín kan lẹ́yìn pátápátá ti dúdú láàárín. Kì í ṣe eyín ọmọdé. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni, tí kò ní arọ́pò bí ó bá lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, nítorí èmi fúnra mi ni mo ń gé orín ata fún un láràárọ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń jẹ eyín. Àwọn ìyá wa tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ kúkú ti mọ ohun tí wọ́n ń fi kòkòrò náà ṣe: orín tó ń ta kò ní pa á tán, ṣùgbọ́n yóò gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣọ́ ọmọ náà títí ó fi fọ ẹnu tán. Ó yà tààrà sí yàrá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tó ti ṣòwò pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì kó tó padà wálé. Ìyẹn mú ṣúgà onígun kan nínú agolo, ó sọ ọ́ sí i lẹ́nu.

"Orín rẹ yìí ń ta jù," ó sọ fún mi láìtijú. "Ẹnu ọmọ mi kì í ṣe ọlọ ata. Bí mo ṣe ń tù ú lójú láràárọ̀ nìyí."

Ìyàwó ilé kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń pè ní ọkọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. "Ọkọ mi, okun o. Kòkòrò eyín ni olè tí orín lé jáde lójúlé, ẹ má tún máa se oúnjẹ fún un lẹ́yìnkùlé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra bí abà àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Bùnú. "Ìyàwó akọ̀wé! Kòkòrò wo? Mú un wá kí n rí i."

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi! Mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ̀ lé wa, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Irú ìfẹ́ yẹn náà ni ewúrẹ́ ní sí ọgbà ẹ̀fọ́.

Ọkùnrin tó ń yọ eyín wò ó, ó ní a ti pẹ́ jù, ó sì yọ eyín náà. Ọmọ mi ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ṣan eyín náà, mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́wọ́. Ihò inú rẹ̀ dà bí ti àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ nínú àká.

"Ọkọ mi, kòkòrò tí ẹ ní kí n mú wá, ilé rẹ̀ rèé."

Ó yí eyín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo rò pé ojú yóò tì í. Ojú tì kẹ̀?

"Ìyàwó," ó ní, ó ń mi orí, "ṣé o rí i báyìí? Orín ata rẹ ti dá ihò sí eyín ọmọ yìí. Ṣebí mo sọ fún ọ pé ó ń ta jù? Tí a bá délé, fún un ní ṣúgà kan, kó fi gbàgbé ìrora."